Ọjọ́ Tí Fìlà Mi Tò Sórí Ìlà

Ìyàwó mi kì í halẹ̀. Láti ogójì ọdún ó lé tí a ti jọ ń gbé, bí ó bá sọ pé òun yóò ṣe nǹkan, kí ènìyàn yáa máa palẹ̀ mọ́ dè é. Nítorí náà, nígbà tí ó gbé igi ìdáná wọ́rọ́kọ́ kan sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, tí ó fi etí ìró nu omi ojú rẹ̀, tí ó sì sọ pé, "Bàbá wọn, mi ò ní kó ojú mi sínú èéfín Kérésì ọdún yìí o," mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

Omi ojú náà kì í ṣe ẹkún. Èéfín ló fà á. Dókítà ojú ti kìlọ̀ fún un. Ó ní ojú ọ̀tún ti ń rẹ̀wẹ̀sì, tòsì sì ti ń wo ọ̀tún ṣe àwòkọ́ṣe, kí ó jìnnà sí èéfín igi. Kẹrosíìnì tí a fi ń dáná tẹ́lẹ̀ ti gbówó lórí débi pé ẹni tó bá rà á ń rọra gbé e bí ẹni gbé ọmọ tuntun. A ní gáàsì kékeré olójú kan, ṣùgbọ́n omi tíì àti ẹ̀kọ mímu nìkan ló lè gbé. Bí ìkòkò ọdún bá jókòó lé e, yóò dà bí ìgbà tí erin jókòó lórí àpótí.

Ó wá fi kún un pé, "Ọmọ yín tó wà ní Ìbàdàn ní kí n máa bọ̀. Ojú mẹ́rin ni gáàsì tirẹ̀ ní. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yìí kí ọdún tó dé, a ó pe gbogbo wọn wálé bí a ti máa ń ṣe. Bí kò bá sí, Ìbàdàn ni n ó ti jẹ Kérésì. Ẹ lè tẹ̀ lé mi, ẹ sì lè jókòó ti ilé yín."

Ilé mi! Láti ọdún tí mo ti kó wọnú ilé náà ní Ìlá, kò tíì sí Kérésì kan tí àwọn ọmọ kò wá. Nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni mo ṣe kọ́ ọ ní yàrá mẹ́fà. Ọjọ́ tó kù nínú ọdún, aláǹgbá ló ń gbé yàrá mẹ́rin níbẹ̀. Mo ro bí n ó ṣe jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Kérésì, èmi àti àwọn aláǹgbá, tí a ó máa mi orí síra wa, ọkàn mi sì dàrú.

Àwọn ọmọ ní àwọn lè ra gáàsì náà. Mo ní rárá. Igbéraga olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì le ju eegun lọ. Èmi ni mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìyá wọn, èmi ni mo ra rédíò, èmi náà ni n ó ra gáàsì. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì mi àti gáàsì olójú mẹ́rin kò bára wọn ṣọ̀rẹ́. Ìdajì rẹ̀ ni agbára mi ká, kò sì sẹ́ni tó ń ta ìdajì gáàsì.

Àfi bí ẹni pé ẹnìkan gbọ́ ohun tí mo ń rò. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, èyí tó ní dígí níwájú bí awò ojú. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, wọ́n gbé gbohùngbohùn sórí ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń yí ìlú ká, ó ń pariwo: "Ẹ̀dínwó! Ẹ̀dínwó ọdún! Gáàsì olójú mẹ́rin, ìdajì owó! Mẹ́wàá péré! Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ gbé!"

Ìyàwó mi yọjú láti inú ilé ìdáná. Ó kàn wò mí, ó sì padà wọlé.

Kí n tó sọ ti ọjọ́ Ẹtì, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìlú ṣe rí lọ́sẹ̀ náà. Ara gbogbo ènìyàn kò balẹ̀. Bí fóònù bá dún, ẹ̀dínwó ni. Bí ènìyàn bá kí ènìyàn, ìdáhùn rẹ̀ ni, "Ṣé ẹ ti gbọ́ iye tí wọ́n ń ta fáànù?" Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ sí ọjà ra jọ́ọ̀gì tí ń fi iná mànàmáná se omi, bẹ́ẹ̀ wọn kò tíì fa iná dé àdúgbò rẹ̀. Mo bi í léèrè. Ó ní, "Bàbá, owó rẹ̀ já wálẹ̀. Mi ò lè máa wò ó kó kọjá." Alájì, télọ̀ tí ilé rẹ̀ fẹ̀gbẹ́ kan tèmi, ra agboòrùn mẹ́ta nínú ọyẹ́. Nígbà tí mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Tíṣà, ṣé òjò ti bá ìwọ ṣe àdéhùn pé òun ò ní rọ̀ mọ́ ni?"

Nígbà èwe wa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la ń rajà ọdún. Bàbá mi yóò ra ìgàn aṣọ kan, orí rẹ̀ ni wọn yóò ti gé ti gbogbo wa, tó fi jẹ́ pé bí a bá dúró pọ̀ lọ́jọ́ Kérésì, a ó dà bí kọ́tìnì. Bàtà a máa tóbi kí ó lè dé ọdún kejì, a ó sì fi òwú tì í níwájú. Awò ojú oníke pupa yóò tẹ̀ lé e, àti aago ọwọ́ tí kì í rìn, tí a ó sì máa wò ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Kò sí ẹni tó ń fi gbohùngbohùn kéde ẹ̀dínwó fún wa. Bí ọlọ́jà bá pe iye kan, ìyá mi a pe ìdajì rẹ̀. Ọlọ́jà a ní kí ó lọ ra erùpẹ̀. Ìyá mi a ṣe bí ẹni ń lọ lóòótọ́, á máa wọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọlọ́jà a sì pè é padà. Ọwọ́ ara wa la fi ń dín owó kù nígbà náà. Nísinsìnyí, wọ́n á ti gbé iye lé e, wọ́n á ti fa igi lé iye náà, wọ́n á kọ òmíràn sábẹ́ rẹ̀, a ó sì máa dúpẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Bí a ti gbàdúrà òwúrọ̀ tán, tí mo ṣe àmín àkọ́kọ́, mo ti wọ bàtà. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, ọyẹ́ sì bo gbogbo ojú títì. Nígbà tí mo dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, n kò sì rí ènìyàn kan. Ṣùgbọ́n ìlà ti wà níbẹ̀. Òkúta ńlá kan ló ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ korobá aláwọ̀ ojú ọ̀run tí kò ní ọwọ́ ìdìmú, lẹ́yìn ìyẹn sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì, kẹ́ẹ̀gì pupa, àpótí ìjókòó, ìgbálẹ̀, adìẹ kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ èèkàn, búlọ́ọ̀kù tó ti fọ́ sí méjì, àti agboòrùn tuntun tí mo mọ olówó rẹ̀ láìbéèrè.

Ẹni tó bá dàgbà ní Ìlá nígbà tí omi ẹ̀rọ ṣì ń yọ létí títì yóò mọ ohun tí mo rí. Nígbà náà, bí o bá gbé garawa rẹ sórí ìlà, ìwọ fúnra rẹ lo dúró síbẹ̀ yẹn. O lè lọ sí ilé ìwé, o lè lọ sí oko, o lè sùn. Kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan garawa rẹ, ńṣe ni ẹni tó bá kàn án yóò sún un síwájú fún ọ, tí yóò sì bá ọ pọn ún bí omi bá dé orí rẹ. Ẹni tó bá sún garawa ẹlòmíràn sẹ́yìn, ìdílé rẹ̀ ni wọn yóò dárúkọ káàkiri àdúgbò. A fi kẹ́ẹ̀gì ṣe bẹ́ẹ̀ náà nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n.

Yunifásítì ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé gbogbo ayé kọ́ ló ń ṣe báyìí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, mo gbé àwo sílẹ̀ lórí ìlà ní ilé oúnjẹ, mo lọ jókòó sábẹ́ fáànù kí atẹ́gùn ọ̀fẹ́ má baà ṣòfò. Nígbà tí n ó fi padà, àwo mi ti wà lójú fèrèsé, ìrẹsì sì ti tán. Ọmọkùnrin ará Èkó kan wò mí tìyanutìyanu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwo kì í jẹun, ènìyàn ló ń jẹun." Ẹ̀bà tútù ni mo jẹ lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó dárí jì í.

Nítorí náà, inú mi dùn nígbà tí mo rí òkúta àti korobá wọ̀nyí. Ó dà bí ìgbà tí mo pàdé àwọn ẹbí tí mo rò pé wọ́n ti kú. Mo ṣí fìlà mi. Kò tuntun, ṣùgbọ́n ó mọ́. Ìdọ̀tí díẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́yìn agboòrùn Alájì, mo fi ẹsẹ̀ gbá a sápá kan, mo sì gbé fìlà kalẹ̀. Mo ka ìlà náà láti iwájú, èmi ni ẹni kẹwàá. Mo tún un kà láti ẹ̀yìn, bóyá yóò yí padà. Kò yí padà. Gáàsì mẹ́wàá, ẹni mẹ́wàá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Abẹ́ igi dòńgóyárò tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ni àwọn tó ni ìlà wà, wọ́n wé aṣọ mọ́ra nítorí ọyẹ́. Alájì ló kọ́kọ́ rí mi.

"Tíṣà! O pẹ́. Àdúrà tiyín gùn ju tiwa lọ ni?"

"Àwa máa ń dúró gba àánú ni. Ìwọ gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí wá síbí tààrà."

"Gáàsì ni àánú tèmi lónìí. Ìyàwó mi kékeré ní bí mi ò bá gbé e wálé, kí n máa jẹ agboòrùn."

Ìyá tó ni òkúta iwájú ń ta gààrí lọ́jà. Ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Ó ní láti ìrọ̀lẹ́ àná ni òkúta òun ti dé, òun sì mú èyí tó wúwo kí ajá má baà gbé e lọ. Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀, adìẹ orí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nígbà tí olówó rẹ̀ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti yé ẹyin kan.

Alájì kígbe pé, "Ẹyin náà ti tò o! Òun ni ẹni keje àbọ̀!"

Ìyá olókùúta ní, "Kò tò. Ta ló máa gbé gáàsì fún ẹyin?"

A rẹ́rìn-ín títí ọyẹ́ fi gbàgbé wa.

Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ọ̀kadà kan ń gbé mẹ́ta nínú wọn. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Wọ́n rọ́ lọ síwájú ilẹ̀kùn, wọ́n dúró sáàárín ẹrù wa bí ẹni pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ ti kẹ́ẹ̀gì, ìyá olókùúta sì ti dìde.

"Ìwọ ọmọ yìí, ènìyàn lo ta nípàá yẹn o!"

"Ẹ má bínú mà. Kẹ́ẹ̀gì ni."

"Kẹ́ẹ̀gì ta ni? Ẹnìkan ló ni ín. Ẹni náà ló dúró síbẹ̀."

"Mà, ìlà ènìyàn là ń pè ní ìlà. Kẹ́ẹ̀gì ò lè tò."

Mo gbọ́ ohùn ọmọ Èkó ilé oúnjẹ náà lẹ́nu rẹ̀. Kí n tó dáhùn, máníjà dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni òun náà, láti Èkó ni wọ́n ti gbé e wá, ó de táì, ó sì ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń ta lẹ́sẹ̀. Ó wo iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó rí korobá, ó rí búlọ́ọ̀kù, ó rí adìẹ, ó sì fi orí pe gáàdì. Gáàdì gbé ìgbálẹ̀ gbọọrọ àti ṣọ́bìrì jáde. Kí a tó sáré sọdá títì, ó ti gbá gbogbo wa jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fìlà mi wà nínú korobá. Adìẹ ti fa èèkàn yọ, ó ń wọ́ ọ lọ sí ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́.

Ariwo sọ. Ìyá olókùúta bínú débi pé Ìgbómìnà rẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni mọ́, máníjà kàn ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo eré.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù," ni máníjà ń wí. "Ìdọ̀tí ni mo ní kí ó kó."

"Àwa lo pè ní ìdọ̀tí yẹn!"

Mo bọ́ síwájú láti ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí a kọ́ láyé àtijọ́, tí a fi ń kọ lẹ́tà sí ìjọba. Mo sọ ti omi ẹ̀rọ, mo sọ ti kẹrosíìnì, mo sọ fún un pé kíkó ẹrù ẹni kúrò lórí ìlà dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ẹlòmíràn jù sórí ààtàn. Ó tẹ́tí títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó fi Yorùbá béèrè pé, "Bàbá, ṣé fìlà yẹn ló fẹ́ ra gáàsì ni?"

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Máníjà ní kò burú, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti dàpọ̀, báwo ni òun ṣe máa mọ ẹni tó ṣáájú? Àwọn tó fi ẹsẹ̀ ara wọn dúró ni òun yóò tà fún. Mo rí Ìbàdàn. Mo rí i kedere, tòun ti ìyàwó mi nínú mọ́tò, tó gbé báàgì lé itan.

Alájì ló gbà wá. Ó ní, "Ọmọ mi, bi wá. Pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o bi ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ìlà ṣe tò. Bí ẹnu wa bá yàtọ̀, ta ọjà rẹ fún ẹni tó bá wù ọ́."

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà wu máníjà. Ó mú ìwé, ó mú bírò, ó ń pè wá wọlé lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo kà á fún un bí ẹni ka orúkọ ọmọ kíláàsì: òkúta, korobá, sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì, kẹ́ẹ̀gì, àpótí, ìgbálẹ̀, adìẹ, búlọ́ọ̀kù, agboòrùn, fìlà. Ẹni mẹ́wàá, ẹnu kan náà. Ó wá jáde bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé nínú wọn. Mẹ́ta ló nawọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì nínú wọn ti ń fa ara wọn láṣọ.

Máníjà ká ìwé rẹ̀. "Àṣé ìlà àwọn bàtà yìí gbọ́n ju ìlà àwọn tó wọ bàtà lọ." Ó ní kí wọ́n kó gáàsì jáde.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá. Ìyá olókùúta gbé tirẹ̀, ó ń rìn bí ọba. Ó kan Alájì, Alájì gbé tirẹ̀. Ó ku páálí kan. Gáàdì gbé e sí iwájú mi, mo sì ti na ọwọ́ sí i nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀wọ́, èmi ńkọ́?"

Obìnrin bí ọmọ àádọ́ta ọdún ni, ewé ẹ̀kọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa.

Máníjà bi í pé, "Kí lẹ fi tò, mà?"

"Àfọ́kù àwo ni. Láti Ọ̀rà ni mo ti wá. Nígbà tí ọ̀kadà já mi sílẹ̀, mi ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí mo lè gbé kalẹ̀, mo wá he àfọ́kù àwo kan létí títì. Ẹ̀yìn agboòrùn ni mo fi sí, mo wá lọ wá nǹkan jẹ."

Alájì ní, "Ẹ̀yìn agboòrùn mi? Ìyá, fìlà Tíṣà ló wà níbẹ̀."

"Kí fìlà kankan tó débẹ̀ ni mo ti fi sí i, sà."

"Ẹni mẹ́wàá ló ti ka ìlà yìí," ni ẹni tó ni adìẹ wí. "Kò sí àfọ́kù àwo lẹ́nu ẹnì kan. Ẹ̀yin ará Ọ̀rà yìí, ẹ fẹ́ fi ọgbọ́n gba gáàsì Ìlá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò jà. Ó kàn di báàgì owó rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ọmọ mi ló ń lọ sílé ọkọ lẹ́yìn ọdún. Mo ti sọ fún àwọn àna pé gáàsì wà nínú ẹrù rẹ̀." Ó sì ń wo páálí tó wà níwájú mi.

Mo wo òkìtì tí gáàdì gbá jọ. Lẹ́bàá búlọ́ọ̀kù, àfọ́kù àwo funfun kan wà níbẹ̀, òdòdó aláwọ̀ ewé wà létí rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Ìdọ̀tí tí mo gbá sápá kan láàárọ̀ nìyẹn, kí fìlà mi má baà dọ̀tí.

N kò ní purọ́ fún yín pé mo sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ro ojú ìyàwó mi. Mo ro yàrá mẹ́fà àti àwọn aláǹgbá. Mo ro ó pé Ọ̀rà jìnnà díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí n má tún rí obìnrin yìí mọ́ láyé. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa sọ òtítọ́, wọ́n sì ń san owó oṣù fún mi lórí rẹ̀. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òtítọ́ yóò gba gáàsì lọ́wọ́ èmi fúnra mi.

Mo ní, "Máníjà, dúró ná. Àfọ́kù àwo wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi ẹsẹ̀ gbá a kúrò."

Alájì fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Ìwọ Tíṣà!" Ìyá olókùúta gbé gáàsì rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè na ìka sí mi dáadáa. "Ìwọ tí o ń fi gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ ọlọ́mọ jà!"

"Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mà."

"Ohun tí òun náà rò nìyẹn!"

Ẹ̀rín tó sọ nígbà náà, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Ire. Máníjà rẹ́rìn-ín títí táì rẹ̀ fi yí sẹ́yìn. Gáàdì gbára lé ṣọ́bìrì. Mo gbìyànjú láti dijú mọ́rí, kò ṣeé ṣe, mo sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin ará Ọ̀rà kúnlẹ̀, mo ní kí ó dìde kí ẹlòmíràn má baà gbé gáàsì rẹ̀ lọ. Alájì ní, "Tíṣà, gbé tèmi." Mo ní, "Kí ìwọ máa jẹ agboòrùn?" Kò tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì, inú mi sì dùn pé kò tún un sọ, torí n bá gbà á. Mo bá wọn di páálí náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, mo sì ń wò ó títí ó fi yà sí ọ̀nà Ọ̀rà.

Ìyàwó mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo délé.

"Gáàsì dà?"

"Ó ń lọ sí Ọ̀rà."

"Ta ló gbé e lọ sí Ọ̀rà?"

"Èmi ni."

Mo ròyìn rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo dé ibi tí ìyá olókùúta ti na ìka sí mi, ó jókòó sílẹ̀ kí ẹ̀rín má baà gbé e ṣubú. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe èéfín ló fà á. Ó nu ojú. Ó ní, "Ẹ ṣe é dáadáa, Bàbá wọn." Lẹ́yìn náà ni ó dìde, ó wọ yàrá, mo sì gbọ́ tí ó fa báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti sọ fún yín pé kì í halẹ̀.

Mo dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá, mo ń wò ó bí ó ṣe ń ká aṣọ. Ó ká ìró kan, ó ká èkejì. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi kí n tó rò ó dáadáa.

"Ojú tìrẹ ni dókítà dárúkọ. Kò dárúkọ tèmi."

"Kí lẹ wí?"

"Èmi ni n ó dáná Kérésì."

Ó yíjú padà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, bí ìgbà tí ìyá mi ń wo adìẹ ní ọjà. "Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ kí omi gbígbóná jóná?"

"Ìwọ jókòó sí ibi tí èéfín kò dé, kí o máa pàṣẹ. Olùkọ́ ni mo jẹ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹ̀kọ́."

Kò ká ìró kẹta mọ́. Báàgì náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ṣíṣí, kò kún, kò sì ṣófo, títí di ọjọ́ Kérésì. Mo pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá. Ọmọ tó wà ní Ìbàdàn ní òun ń gbé mọ́tò bọ̀, bí oúnjẹ bá sì bàjẹ́, òun yóò kúkú gbé ìyá òun lọ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ Kérésì, mo to ààrò mẹ́ta sábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mi gbé àga rẹ̀ sí iwájú ilé, ó wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ó tún un sún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ láti ibẹ̀. "Ẹ dín igi kù! Ẹ má rò ó bí àmàlà! Bàbá wọn, mo ń gbọ́ òórùn àlùbọ́sà, ó ti ń pọ́n jù!" Gbogbo ohun tí mo ṣe ní ẹ̀yìnkùlé ni imú rẹ̀ ń rí. Ojú mi pọ́n bí ata. Nígbà tí mo fẹ́ iná tí eérú bò mí lójú, mo ronú nípa ọdún mélòó tí òun fi ń ṣe èyí, tí èmi sì ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn, tí mo ń béèrè pé ṣé kò tíì jinná ni. N kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ dé, wọ́n bá mi níbẹ̀ tí mo ró ìró ìyá wọn mọ́dìí. Wọ́n ya fọ́tò mi títí fóònù wọn fi gbóná. Alájì náà dé pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀ láti bá wa jẹ ọdún. Ó wò mí, ó ní, "Astagfirullah," ó sì lọ jókòó.

Ìrẹsì náà jóná nísàlẹ̀. Kí n sọ òótọ́, ó ju ìsàlẹ̀ lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè rẹ̀ dára, ẹran sì rọ̀. A bu àwo àkọ́kọ́ fún ìyàwó mi, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀. Ó jẹ ṣíbí kan, ó jẹ èkejì, ó ń jẹ lọ.

Ọmọ wa ti Ìbàdàn kò lè mú un mọ́ra. "Màmá, ṣé kí n lọ gbé báàgì yín sínú mọ́tò? Ṣé a ń lọ ni àbí a ò lọ?"

Ìyá rẹ̀ na ọrùn wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ìkòkò ńlá náà wà lórí ààrò, dúdú nínú, dúdú lóde, tí ìrẹsì jíjóná lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ bí sìmẹ́ńtì.

"Ṣe sùúrù," ni ó wí. "Mo fẹ́ kọ́kọ́ wo bí bàbá yín ṣe máa fọ ìyẹn."